Òdòdó Kesia Kì Í Ṣe Ti Cheetham

Ọdún mẹ́rin gbáko ni Kesia Fitton fi ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ fún hóró irúgbìn kan tí kò tó ẹyin iná orí.

Inú oṣù kejì ló gbìn ín, nígbà tí yìnyín ṣì bo orí òkè Lankaṣa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún kìíní, ewé méjì péré ló yọ. Lọ́dún kejì, díẹ̀ ló kù kó kú. Lọ́dún kẹta, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò tanná. Etí-beari làwọn ará ibẹ̀ ń pe irú òdòdó bẹ́ẹ̀, nítorí ewé rẹ̀ nípọn, ó sì rí bí etí ẹranko náà. Kì í ṣe òdòdó tí ń tanná lẹ́ẹ̀kan kó kú. Bí òtútù bá dé, á ká ewé rẹ̀ mọ́ra, á sùn. Bí ìgbà ìrúwé bá wọlé, á tún jí, ọdún dé ọdún, bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ní sùúrù.

Ní abúlé Thornclough, ahunṣọ ni gbogbo ọkùnrin. Ahunṣọ tí kò bá sì ní etí-beari lẹ́yìnkùlé, àwọn aládùúgbò á máa bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Enọku Fitton, bàbá Kesia, ti ń gbin tirẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ àwọn olódòdó a máa so kẹ́tùrù bàbà kan kọ́ sí iwájú ilé ọtí; ẹni tí òdòdó rẹ̀ bá ta yọ ni yóò gbé e lọ sílé. Ọdún mọ́kànlá ni Enọku ti ń wo kẹ́tùrù náà bí ẹni tébi ń pa ṣe ń wo ẹran lórí iná. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu òfì, àtàárọ̀ dalẹ́. Kesia ló ń ṣí àpótí onígíláàsì kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí àwọn ìkòkò òdòdó. Òun ló ń tì í bí òjò bá ṣú. Òun ló ń ṣa ìgbín, òun ló ń já ewé tó bá rọ. Ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì ní àbúrò. Bàbá ń wò, ọmọ ń ṣe.

Orí pápá ni Kesia ti pàdé Reubẹni Buckley. Ọmọbìnrin náà ń fi ṣíbí onígi kó yẹ̀pẹ̀ tí eku abẹ́lẹ̀ hú jáde sínú garawa, nítorí yẹ̀pẹ̀ yẹn kúnná, etí-beari sì fẹ́ràn rẹ̀ ju yẹ̀pẹ̀ mìíràn lọ. Ló bá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Omidan, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ebi ló ń pa yín tó báyìí ni, tẹ́ ẹ fi fẹ́ máa jẹ ilẹ̀?"

Kesia fò dìde. Onítìjú ni, bí àlejò bá kí i, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń wò tí yóò máa dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ta á lára.

"Òdòdó ni mò ń kó o fún."

"Òdòdó tí ń jẹun! Ṣé ó máa ń mutí náà?"

"Bó bá tiẹ̀ mu ún yó, kò ní sọ ìsọkúsọ bíi tìrẹ."

Ọmọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ga, ó tín-ín-rín, ẹ̀rín rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Ó gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí òkè. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Kesia ti rí òwú wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ irun ọmọkùnrin náà.

"Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ilé ẹ̀rọ tó wà létí odò. Èmi ni mò ń tún òfì onírin ṣe bó bá dákú."

Kesia dúró. Ó gba garawa rẹ̀ padà. Òfì onírin yẹn! Ọmọdébìnrin kan ṣoṣo tó bá dúró tì í, iṣẹ́ géńdé ahunṣọ mẹ́rin ló ń ṣe. Láti ọjọ́ tí èéfín ti ń jáde létí odò ni aṣọ tí bàbá rẹ̀ ń fọwọ́ hun kò ti rí ẹni gidi rà á mọ́.

"Ṣé èmi lò ń bínú sí ni, àbí irin?" ni Reubẹni bi í.

"Bàbá mi kì í ya ìkan sọ́tọ̀ lára ìkejì."

"Ìwọ ńkọ́?"

Kesia gbá garawa mọ́ra. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ kó yẹ̀pẹ̀ lórí pápá, garawa tó gbé dání sì tóbi ju tàkọ́kọ́ lọ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹwàá ni. Títí òtútù fi mú, yẹ̀pẹ̀ tí Kesia kó tó ohun tí èèyàn lè fi mọ ilé.

Ní oṣù kẹta, nígbà tí Enọku lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, Reubẹni wá sẹ́yìnkùlé wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fẹ́ rí ohun tí ń jẹ yẹ̀pẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ àwọn ìkòkò tó tò lọ bí ọmọ iléèwé nínú àpótí onígíláàsì. Ewé wọn funfun, bí ìgbà tí èèyàn bu ìyẹ̀fun wọ́n wọn lórí. Kí Kesia tó lanu, ó ti fi àtàǹpàkò kan ewé kan.

"Reubẹni!"

"Kí ni mo ṣe?"

Ojú àtàǹpàkò rẹ̀ hàn ketekete lórí ewé náà. Kesia di orí mú bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Ẹfun ara rẹ̀ lo nù kúrò yẹn. Kì í padà. Bí ìka bá kàn án, ó tán. Bí omi bá kán sí i lórí, ó tán. Ìdí rẹ̀ là ń bomi rin, kì í ṣe orí. Kò sí adájọ́ tó máa wo èyí mọ́ lọ́dún yìí."

"Mo ti pa á nìyẹn?"

"Rárá o. Kò ní kú. Ọ̀ṣọ́ ọdún yìí nìkan ló lọ."

Reubẹni wo ojú ọ̀run tó ṣú dùdù lórí Thornclough, bó ṣe ń ṣú lọ́jọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀. "Ẹ dákun, nínú gbogbo òdòdó ayé, èyí tí òjò kò gbọdọ̀ kàn lẹ rí gbìn, ní ìlú tí òjò kì í dá?"

Kesia fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Reubẹni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wò ó.

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, Kesia. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ máa bú mi. Jẹ́ kó bú mi ná."

Ẹni tó bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Enọku ni Ìyá Dọkasi, ẹ̀gbọ́n Enọku, opó tó máa ń ta àkàrà ọkà tí wọ́n ń pè ní óòtì lójúde rẹ̀. Obìnrin náà kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó jókòó ti òfì, kò dúró kí àbúrò rẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Enọku, ọmọ rẹ ti rí ọkọ."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bá a rí i. Jonasi Cheetham."

"Cheetham? Ẹni tó ti sin ìyàwó méjì? Ọmọ Buckley ni mò ń wí."

Òfì dákẹ́. Kesia, tó ń dibọ́n pé òun ń ṣa òwú nínú yàrá kejì, tẹ́tí sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Enọku wí, "ẹni tí ń bọ́ ẹ̀rọ tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu mi, òun lẹ ní kí n fi ọmọ mi bọ́?"

"Kì í ṣe òun ló bí ẹ̀rọ."

"Òun ló ń wò ó sàn bó bá ṣàìsàn! Ẹ wò ó, Cheetham ní òfì mẹ́rin nílé. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ahunṣọ ni, olódòdó sì ni."

"Òfì mẹ́rin tí kò rí ẹni jókòó tì í! Ìyàwó kọ́ ló ń wá, ọwọ́ ló ń wá."

"Ọmọ mi kò tíì pé mọ́kànlélógún. Títí dìgbà yẹn, ẹnu mi ni òfin ń gbọ́. Bí àlùfáà bá kéde ìgbéyàwó wọn, èmi yóò dìde dúró, yóò sì parí síbẹ̀."

Ìyá Dọkasi gbé agbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Kesia, ó rọra fún un ní àkàrà kan. "Ọjọ́ wo lo máa pé?"

"Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún."

"Kò jìnnà. Jẹun."

Ṣùgbọ́n Kesia kò lè jẹun. Ó mọ bí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n nírọ̀lẹ́. Ó mọ̀ pé òun fúnra òun ti kórìíra èéfín yẹn kó tó mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ṣé òun náà yóò lọ máa jẹ búrẹ́dì ilé ẹ̀rọ ni, lójú bàbá tó fi ebi àti òógùn tọ́ òun? Nígbà mìíràn á ní òun kò ní lọ mọ́. Bó bá wá rántí ẹ̀rín Reubẹni, á ní òun yóò lọ.

Ibi tọ́kàn rẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn ọlọ́dún mẹ́rin náà ti tanná.

Òdòdó kéékèèké méje ló dúró lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ọ̀fun ọ̀kọ̀ọ̀kan, ihò àárín rẹ̀, pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí pupa inú ẹyin adìẹ. Ẹfun funfun yí ọ̀fun náà ká, òrùka dúdú kirikiri yí ẹfun ká, etí rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé tútù. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí ní Thornclough. Enọku jáde wá wò ó, ó ṣí fìlà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Kẹ́tùrù ti dé," ló wí.

"Bàbá, èmi ni mo gbìn ín."

"Ẹ̀yìnkùlé ta lo gbìn ín sí? Kò sí obìnrin nínú ẹgbẹ́, Kesia. Lórúkọ mi ni yóò fi lọ."

Kesia gbà. Ó gbà nítorí omijé yẹn. Bí kẹ́tùrù kan bá lè mú inú bàbá òun dùn lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, kó mú un.

Lọ́jọ́ ìdíje, òun ló gbé ìkòkò náà lọ sí ilé ọtí, abẹ́ ìborùn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Yàrá òkè kún fọ́fọ́. Tábìlì gígùn wà láàárín, ìkòkò bí ogójì tò sórí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń mutí, àwọn obìnrin ń gbé ẹran àti omi káàkiri. Òfin ẹgbẹ́ ni pé òdòdó tuntun kì í bá àwọn àgbà òdòdó díje láìlórúkọ. Ẹni tó gbìn ín ni yóò sọ ọ́ lórúkọ níwájú gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ, kí adájọ́ tó wò ó.

Enọku dìde. Cheetham dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀yin ará," ni Enọku wí, "orúkọ òdòdó yìí ni Ògo Cheetham. Nítorí ọgbà Cheetham ni yóò máa gbé láti òní lọ, òun àti ọmọ mi Kesia. Ilé kan náà ni mo fi àwọn méjèèjì fún."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan súfèé. Cheetham yíjú sí Kesia, ó ṣẹ́jú sí i bí ẹni tó ra ẹṣin.

Jọ́ọ̀gì omi wà lọ́wọ́ Kesia. Etí rẹ̀ ń hó. Kò sọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ ń jáde.

"Bàbá, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

"Ta ní ń bi ọ́?" ni Cheetham wí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"Òfin ní ẹni tó gbìn ín ni kó sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá, ẹ sọ fún wọn ẹni tó gbìn ín."

Gbogbo ojú yí sí Enọku. Enọku kò wo ọmọ rẹ̀. Ojú fèrèsé ló wò, níbi tí kẹ́tùrù náà ti ń dán nínú oòrùn.

"Èmi ni," ló wí.

Kesia rìn dé ìdí tábìlì. Kò yára, kò sì pariwo. Ó gbé jọ́ọ̀gì sókè, ó sì da omi inú rẹ̀ sórí òdòdó náà, díẹ̀díẹ̀, láti orí, títí kò fi ku ẹ̀kán kan.

Ariwo sọ bí ìgbà tí ilé wó. Ẹfun ń ṣàn sílẹ̀ bí wàrà. Àwọn òdòdó méje náà sorí kodò, wọ́n rí bí ọmọ tí òjò pa. Arúgbó adájọ́ kan fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún. Cheetham sì ń lọgun: "Wèrè ni! Wèrè lẹ fẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́! Mi ò fẹ́ ẹ mọ́!"

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Cheetham," ni Kesia wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyẹn."

Ó gbé ìkòkò rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. "Kò kú, Bàbá. Lọ́dún tó ń bọ̀, yóò tún tanná. Ṣùgbọ́n yóò tanná níbi tí mo bá wà." Ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ìta ni Reubẹni dúró sí, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ará ilé ẹ̀rọ wọlé. Ó ti gbọ́ ariwo. Ó wo ìkòkò, ó wo ojú Kesia, kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan.

"Lọ bá àlùfáà," ni Kesia wí. "Kó bẹ̀rẹ̀ ìkéde wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí mi."

"Ṣé o ti rò ó dáadáa?"

"Mo ti rò ó láti oṣù kẹwàá. Bó o bá fẹ́ kí n tún un rò, lọ ná, kó o padà wá lọ́dún mẹ́rin òní."

"Mo ń lọ," ni Reubẹni wí. "Ọ̀dọ̀ àlùfáà ni mò ń lọ."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Dọkasi ni Kesia sùn lọ́jọ́ náà àti lójoojúmọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, ó ń padà lọ ṣí àpótí onígíláàsì bàbá rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ó ń lọ tì í. Enọku ń wò ó láti ìdí òfì. Kò kí i. Kesia náà kò tọrọ àforíjì. Ìgbín kò kúkú mọ̀ pé wọ́n ń jà.

Kesia pé ọdún mọ́kànlélógún. Àlùfáà ka orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kíní, kò sẹ́ni tó ta kò ó. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó ta kò ó. Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta, Enọku Fitton wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ ẹ̀wù dúdú tó fi sin ìyàwó rẹ̀. Cheetham, tí ìtìjú ọjọ́ ìdíje kò tíì kúrò lára rẹ̀, tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó pọ̀.

"Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan," ni àlùfáà ń kà, "tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjì yìí pọ̀..."

Enọku dìde.

"Èmi bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i."

Ìkùnsínú gba ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Fitton, bí ó bá ti pé mọ́kànlélógún, òfin kò bi yín mọ́. Ó sọ fún mi pé òun ti pé. Ìwé ìrìbọmi rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa, ilé ìjọsìn tí ẹ̀yin ń lọ, tó yàtọ̀ sí tiwa, ló wà, wọ́n sì ní omi ti bà á jẹ́. Ẹ̀yin lẹ bí i. Bí ẹ bá ní kò tíì pé, n óò dá ìkéde dúró báyìí. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Ìyá Dọkasi fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí sí i, nítorí ìlú ọkọ rẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n bí Kesia. Cheetham fa Enọku láṣọ. Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ló gbọ́ ohun tó sọ sí i létí: "Sọ pé ogún. Ogún péré."

Kesia dìde níbi tó jókòó sí. Reubẹni fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú; ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó fẹ́ dá dúró.

"Bàbá," ló wí, "èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ̀yin lẹ máa bá a gbé. Bí ẹ bá ní ogún ni mí, màá lọ sílé, n óò ka oṣù méjìlá, n óò sì tún wá dúró síbí. Bí ẹ bá tún ní ogún, n óò tún padà wá. Ìgbà yòówù kẹ́ ẹ wo iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, èmi lẹ máa bá."

Enọku wo ọmọ rẹ̀, bí ẹni tí kò rí i láti ọjọ́ pípẹ́. Cheetham tún fà á láṣọ. Enọku gbọn ọwọ́ ọkùnrin náà dànù.

"Ọjọ́ kẹfà oṣù yìí ló pé mọ́kànlélógún," ló wí. "Òwúrọ̀ kùtù ni. Ọwọ́ mi ni agbẹ̀bí gbé e lé." Ó yíjú sí ìjọ. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ sí i o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo fọwọ́ sí i."

"A ti gbọ́ yín," ni àlùfáà wí. "Ẹ jókòó."

Enọku kò jókòó. Kesia náà kò jókòó. Bàbá àti ọmọ kọjú síra wọn, olórí kunkun méjì, wọ́n dúró gbọn-in láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, títí àlùfáà fi ka orúkọ Reubẹni Buckley àti Kesia Fitton dé òpin.